Òdòdó Tí Ọwọ́ Kan Lè Ṣe

Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé nílùú Lọ́ńdọ̀nù, òdòdó pupa kékeré kan máa ń yọ láyà àwọn èèyàn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì á fi há kóòtù, ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n á fi sáyà, ọba pàápàá kì í jáde lásìkò náà kó má wọ̀ ọ́. Pọ́pì ni wọ́n ń pè é. Ìrántí àwọn tó bógun lọ ni, owó tí wọ́n sì ń rí nídìí rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó bọ̀ láàyè àti ẹbí àwọn tí kò bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú náà ń wọ̀ ọ́. Ohun tí ẹnu kì í sábà kàn ni pé ní Old Kent Road, lẹ́bàá Peckham níbi tí àwọn ará wa fi ṣe ilé lónìí, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti lè ra èlùbọ́ àti ẹ̀wà olóyin, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ òdòdó yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1922. Ọkùnrin márùn-ún péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ogun ti sọ gbogbo wọn di aláàbọ̀ ara.

Àwọn okòwò kéékèèké tó ń gbé àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì àti ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò ró ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Bí wọ́n bá dárúkọ irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń sáré wá síni lọ́kàn ni àpò ìrẹsì, sọ̀wédowó gbàǹgbà tí àwọn èèyàn gbé dání fún fọ́tò, àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ẹni tí ebi ń pa kò ní kọ àpò ìrẹsì náà, ẹni tó gbé e wá sì ṣe dáadáa. Àmọ́ ìtàn àwọn ọkùnrin márùn-ún yìí fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ó le ju kí èèyàn kówó sílẹ̀ lọ, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ: kí oníṣòwò gba ẹni tó ti jagun síṣẹ́, kí ó sanwó fún un lóṣooṣù, kí ó sì to iṣẹ́ náà débi tí ara tó ṣẹ́ kù fún onítọ̀hún yóò fi lè ṣe é.

Ogun Àgbáyé Kìíní dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1918. Lára àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó padà sílé, ó lé ní 41,000 tí wọ́n ti gé apá tàbí ẹsẹ̀ wọn, ó kéré tán ọ̀kan. Iye yẹn kò ka àwọn tí ojú wọn ti fọ́, kò ka àwọn tí èéfín olóró ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, kò sì ka àwọn tí ìró bọ́ǹbù kò jẹ́ kí oorun wọn já gaara mọ́. Ìjọba ń fún wọn ní owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n owó náà kéré, iṣẹ́ sì wọ́n bí ojú nígboro. Nígbà tó fi di ọdún 1921, ó ti di ohun tí ojú mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ọkùnrin tó ń wọ àmì-ẹ̀yẹ ogun láyà dúró ní igun òpópónà, kí ó máa ta ìṣáná àti okùn bàtà. Ẹni tó bá fún un ní kọ́bọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò okùn bàtà. Àánú ló ń ṣe é. Ọkùnrin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ológun, British Legion, sílẹ̀. Àwọn obìnrin méjì ló sọ òdòdó pupa náà di ohun tí wọ́n ń fi sáyà. Moina Michael, olùkọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ́dún 1918, lẹ́yìn tó ka ewì tí John McCrae, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà, kọ lójú ogun nípa òdòdó tó ń hù láàárín ibojì. Anna Guérin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló wá gbé e kiri ilẹ̀ lẹ́yìn náà, tó sì gbé e tọ àwọn aṣáájú Legion lọ. Wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n ta á ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1921, ó tán pátápátá, owó tó wọlé sì lé ní 106,000 pọ́ùn, owó ńlá gidi láyé ìgbà yẹn.

Ilẹ̀ Faransé ni òdòdó ti wá. Owó wọlé fún àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò wọlé fún wọn. Ibi tí Ọ̀gágun George Howson ti rí àyè rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnjiníà ni Howson, ó ja ogun náà, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross. Nígbà tó padà dé, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1920 fún àwọn ológun tó ti di aláàbọ̀ ara. Ó lọ bá Legion pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun máa ṣe òdòdó náà níbí, dípò kí wọ́n máa rà á láti òkè òkun. Wọ́n fún un ní 2,000 pọ́ùn. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn òbí rẹ̀ nígbà náà. Ó sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà yóò le, ẹrù rẹ̀ sì wúwo. Bó bá yọrí sí rere, ó lè di iṣẹ́ tí yóò gba 150 ọkùnrin. Òun fúnra rẹ̀ kò rò pé yóò fi bẹ́ẹ̀ yọrí, ṣùgbọ́n ó yẹ láti dán an wò.

Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yẹn yẹ kí ẹni tó fẹ́ dá okòwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbé yẹ̀ wò dáadáa. Howson kò ṣèlérí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Ó mọ iye tó wà lọ́wọ́ òun, ó mọ iye èèyàn tí òun fẹ́ gbà, ó sì ti rí ẹni tí yóò ra ọjà náà kó tó gba òṣìṣẹ́ kankan.

Wọ́n háyà iléeṣẹ́ kan ní tòsí Old Kent Road, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin márùn-ún náà jókòó sídìí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìhín gan-an ni ọgbọ́n ẹnjiníà Howson ti wúlò. Yorùbá ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, òótọ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó wà nílé ayé. Ṣùgbọ́n wọ́n to òdòdó yìí lọ́nà tí ọwọ́ kan yóò fi lè ṣe é tán. Ewé pupa, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, bọ́tìnì dúdú tó jókòó sáàárín: ọ̀kan ń wọnú èkejì láìlo abẹ́rẹ́, láìlo òòlù. Ẹni tí apá òsì rẹ̀ ti lọ lè ṣe é. Ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ lè jókòó ṣe é. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè ṣe é díẹ̀díẹ̀, bó ṣe bá a lára mu. Wọn kò sọ fún aláàbọ̀ ara pé kí ó wá bá iṣẹ́ mu. Iṣẹ́ ni wọ́n gé kí ó bá a mu.

Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn márùn-ún náà ti di bí àádọ́ta. Àwọn tó fẹ́ wọlé tún ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Old Kent Road kò gbà wọ́n mọ́, Howson sì wá ilẹ̀ sí Richmond, létí odò Thames, níbi tí ilé ìpọntí àtijọ́ kan wà. Wọ́n kó lọ síbẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1920. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ tuntun síbẹ̀, òun náà ló ṣì dúró lónìí. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi pé ọdún mẹ́wàá, àwọn òṣìṣẹ́ ti lé ní 300, ìlọ́po méjì iye tí Howson fọkàn sí nínú lẹ́tà tó kọ sáwọn òbí rẹ̀.

Nǹkan kan wà ní Richmond tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ì bá gbójú fò. Wọ́n kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ iléeṣẹ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ onígi rìn, tó ń gbé ọ̀nà jíjìn, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní òwúrọ̀ òtútù, ó máa rẹ̀ ẹ́ kó tó débi iṣẹ́. Bí kò bá lè dé ní àkókò, kò pẹ́ tí wọn yóò fi máa sọ pé aláàbọ̀ ara kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi. Howson kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà débẹ̀. Ó kú lọ́dún 1936, nígbà tí àwọn ọmọ ti ń dàgbà nínú àwọn ilé náà lójú àwọn bàbá wọn.

Bí owó ṣe ń rìn nínú ètò yìí yẹ kó yé wa. Iléeṣẹ́ Richmond kọ́ ló ń jókòó tajà lójú pópó. Legion ló ń ra òdòdó lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń pín in fún àwọn ẹ̀ka rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni sì ń gbé àpótí dání níwájú ṣọ́ọ̀bù àti ibùdókọ̀. Ẹni tó bá mú òdòdó kan á ju iye tó bá wù ú sínú àpótí. Owó yẹn ló ń di ìrànlọ́wọ́ ládùúgbò: owó ilé tí opó kan kò rí san, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru nígbà òtútù, kẹ̀kẹ́ fún ẹni tí kò lè rìn mọ́. Òdòdó kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ó sanwó fún ológun kan. Nígbà tí wọ́n tà á tán, ó ran ológun mìíràn lọ́wọ́.

Ní Skọ́tílándì nígbà náà, òdòdó náà kì í tó, torí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ará gúúsù ti rà á tán. Ìyàwó Ọ̀gágun Àgbà Douglas Haig wá dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ nílùú Edinburgh lọ́dún 1926. Òṣìṣẹ́ méjì, sísọ́ọ̀sì kan àti pépà díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, èèyàn lè mọ òdòdó Skọ́tílándì yàtọ̀: ewé pupa rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, kò sì ní ewé tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì.

Ì bá dára bí gbogbo irú okòwò bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ báyìí. Wọn kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká mọ ìdí rẹ̀.

Ní ìlú Sheffield, nígbà tí ogun ṣì ń lọ, ayàwòrán obìnrin kan tó ń jẹ́ Annie Bindon Carter ń lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ológun láti kọ́ àwọn tó fara pa bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Ó rí i pé ẹni tí kò ní ọwọ́ lè fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n so mọ́ apá rẹ̀ kun aṣọ, bí wọ́n bá ti gé àwòrán sórí páálí tí yóò tọ́ búrọ́ọ̀ṣì sọ́nà. Láti inú ìyẹn ni iléeṣẹ́ Painted Fabrics ti jáde. Àwọn ọkùnrin tó ti pàdánù ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣe aṣọ obìnrin, síkáàfù àti aṣọ fèrèsé tó rẹwà débi pé àwọn ará ààfin ń rà á. Àkọlé wọn kò gùn: iṣẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, wọn kò fẹ́ ìtọrẹ àánú. Àwọn náà ní ilé fún òṣìṣẹ́ nínú ọgbà iléeṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ náà lọ títí di nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn ọkùnrin náà ti ń darúgbó, tí ẹ̀rọ sì ń tẹ aṣọ jáde ní owó pọ́ọ́kú. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ilé náà fi bọ́ àwọn ẹbí wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìjákulẹ̀ kò ṣe òótọ́.

Ti Ashtead Potters ni ó dunni jù. Lọ́dún 1923, Lawrence Weaver àti ìyàwó rẹ̀ Kathleen dá iléeṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní abúlé Ashtead, ní agbègbè Surrey, fún àwọn ológun tó ti di aláàbọ̀ ara. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà kò fọwọ́ kan amọ̀ rí láyé wọn. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1928 wọ́n ṣe àwo oúnjẹ ọmọdé kan tí wọ́n ya àwòrán Winnie-the-Pooh sí lára, wọ́n sì fún ọmọ ọba obìnrin kékeré tó padà wá di Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní ọ̀kan. Ọjà wọn lẹ́wà. Àmọ́ àwo ẹlẹ́wà ni ohun àkọ́kọ́ tí ilé tí owó ti wọ́n máa ń yẹra fún. Ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ láti ọdún 1929, Weaver kú lọ́dún 1930, kò sì sí ẹni tó lè wá òǹrajà bíi tiẹ̀. Iléeṣẹ́ náà tilẹ̀kùn lọ́dún 1935.

Àwọn tó ń ṣe òdòdó kò mọ iṣẹ́ ju àwọn tó ń mọ àwo lọ. Oníbàárà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọdọọdún ni oṣù Kọkànlá ń dé, ọdọọdún ni Legion ń béèrè òdòdó, ó sì ti fọwọ́ sí i ṣáájú. Inú rere ló ń ṣílẹ̀kùn irú okòwò yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ọjà lọ́dún keje àti ọdún ogún ni kì í jẹ́ kó tì. Èrò òǹkọ̀wé yìí ni pé ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú wa nílé kò tíì fi sọ́kàn nìyẹn. Wọ́n á kọ́ opó àti ológun ní iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n á pín ẹ̀rọ ìránṣọ fún wọn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Ẹni tí yóò mú aṣọ wá fún rírán kò sí nínú ètò.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá rí i pé àánú nìkan kò lè ṣe é. Lọ́dún 1919, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ kan tí wọ́n ń pè ní King's National Roll. Okòwò tó bá gba aláàbọ̀ ara ológun tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ń wọ ibẹ̀. Ó lè tẹ àmì ọba sórí ìwé lẹ́tà rẹ̀, kí àwọn oníbàárà rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi èyí tó dùn jù kún un: bí ìjọba bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde, àwọn tó wà nínú ìwé náà ni yóò kọ́kọ́ wò. Oníṣòwò tí kò fi bẹ́ẹ̀ láàánú náà wá rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun gba ológun síṣẹ́. Lọ́dún 1944, wọ́n sọ gbígba aláàbọ̀ ara síṣẹ́ di òfin fún okòwò tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nàìjíríà ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí, ó sì jìn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kò ju ọmọ ọdún 16 lọ nígbà tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1942, lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n kó o lọ sí Bọ́mà, ó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan kọ lu wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀. Ìdílé Mùsùlùmí kan lábúlé fi òun àti ọmọ ogun Sierra Leone kan, David Kargbo, pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé. Nígbà tí Fadoyebo wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún mọ́, títí tó fi kú lọ́dún 2012 ló ń tiro. Ṣùgbọ́n ó ríṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ó fi tọ́ ọmọ, ó fi kọ́lé, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀ròyìn Barnaby Phillips fi ìtàn náà ṣe fíìmù, ó sì tún fi kọ ìwé.

Iṣẹ́ akọ̀wé tí ó ń jókòó ṣe ni ó bá ẹsẹ̀ Fadoyebo mu. Bí wọ́n bá ní kó padà lọ máa kọ ebè ni, ìtàn náà ì bá yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ yẹn hàn gbangba ní Òjí River, lọ́nà Enugu sí Onitsha. Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ ogun Biafra tí ìbọn ti fọ́ ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn wọn sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn arìnrìn-àjò tó ń kọjá ń rí wọn lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n na ọwọ́ sí mọ́tò. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tó gbé tábìlì kan síwájú wọn, kí ó sì sọ pé iṣẹ́ rèé tí ẹ lè jókòó ṣe, owó rẹ̀ rèé ní ìparí oṣù.

Kì í ṣe pé a kò ní ohun tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun tó fẹ́ fẹ̀yìntì ní iṣẹ́ ọwọ́ wà ní Òṣòdì, ọdún 1944 ni wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń bọ̀ láti ogun Hitler. Títí dòní, àwọn ológun tí àsìkò wọn ti pé ń lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ aṣọ sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ káfíńtà, àtúnṣe ọkọ̀, oúnjẹ sísè, ẹja sísìn. Ẹgbẹ́ àwọn ológun náà wà, Nigerian Legion, òfin ló gbé e kalẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí àwọn bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì àti ilé ìjọba. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ yẹn ti wá. Ọ̀gágun Edward Walter ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1859, ó ń wá iṣẹ́ aṣọ́nà àti iṣẹ́ ìránṣẹ́ fún àwọn ológun tó bọ̀ láti ogun Crimea, ìṣòwò ni, ó sì ṣì wà títí dòní.

Ọjọ́ ìrántí pàápàá, a ní tiwa. Oṣù Kọkànlá ni a ń ṣe é tẹ́lẹ̀ bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Ogun Abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, ọjọ́ náà ni a gbé e sí. Kó tó pé, Ààrẹ á ṣí ètò báàjì ìrántí, àwọn gómìnà á ṣe tiwọn ní ìpínlẹ̀, àwọn ọlọ́lá á fowó sílẹ̀, wọ́n á fi báàjì náà sáyà. Ní Èkó, wọ́n á lọ gbé òdòdó lélẹ̀ ní Tafawa Balewa Square, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ètò náà ń buyì kún àwọn tó kú. Ó yẹ kí ó fún àwọn alààyè níṣẹ́ pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrántí, àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì dí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìnáwó ní Àbújá, wọ́n ń béèrè owó tí ìjọba jẹ wọ́n. Ẹni tó bá wo àgbàlagbà tó ti ja ogun fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́nu géètì yóò mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì nìkan kò lè jẹ́ òpó kan ṣoṣo tí ilé rẹ̀ gbára lé.

Ibí yìí ni okòwò kékeré ti lè wọlé, kò sì ní láti dúró de Àbújá. Ẹni tó ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún igba ọmọ lọ́dọọdún lè gbé ìdajì rẹ̀ fún télọ̀ tó jáde ní Òṣòdì, kí ó sì fọwọ́ sí i fún ọdún mẹ́ta, dípò kí ó dúnàádúrà tuntun ní gbogbo oṣù Kẹjọ. Ẹni tó ní ilé búrẹ́dì lè gba ológun kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ láti máa jókòó ka owó àti láti máa kọ ìwé ọjà. Ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá lè fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kò lè dúró fún wákàtí mẹ́jọ, ní àyè ìsinmi láàárín iṣẹ́. Èyí kì í ṣe àánú. Sójà tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ mọ bí a ti ń dé ní àsìkò, ó mọ bí a ti ń tọ́jú ohun èlò, ó mọ bí a ti ń bá ènìyàn onírúurú ẹ̀yà ṣiṣẹ́ láìjà.

Ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò náà ní àyè tirẹ̀. Ilé ọmọ aláìníyàá àti ẹgbẹ́ àwọn opó ológun máa ń ra nǹkan: aṣọ, ibùsùn, tábìlì, ìlẹ̀kùn onírin. Bí wọ́n bá ń rà á lọ́wọ́ wẹ́dà àti káfíńtà tó ti jẹ́ ológun, owó ìtọrẹ tó wọlé fún wọn á ṣe iṣẹ́ méjì bíi ti òdòdó Richmond.

Òfin pẹ̀lú ti ṣí ojú ọ̀nà kan. Òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ní kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba rí i dájú pé aláàbọ̀ ara tó, ó kéré tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Iye kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1919. Ohun tí tiwa kò tíì ní ni apá kejì ìwé orúkọ ọba yẹn, kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ máa kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ okòwò tó gba ológun síṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé iṣẹ́ kéékèèké jáde. Alága káńsù kan lè bẹ̀rẹ̀ èyí pẹ̀lú àga ilé ìwé.

Iléeṣẹ́ Richmond fúnra rẹ̀ ti yí padà. Àwọn ológun tó ń jókòó sídìí òdòdó níbẹ̀ kò pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ṣì ń ṣe ìdì òdòdó tí ọba ń gbé lélẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Láti nǹkan bí ọdún 2010, iṣẹ́ tó gba wọ́n lọ́kàn jù ni kí wọ́n máa wá iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ mìíràn fún àwọn ológun tí ara tàbí ọpọlọ wọn kò le. Wọn kì í fi ológun sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti wọṣẹ́ tán. Wọ́n á máa bá òun àti ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ bóyá oorun ń kùn ún, bóyá ariwo ẹ̀rọ ń mú ìrántí ogun padà wá, bóyá àga tó jókòó lé kò dára fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 2023, Legion gbé òdòdó tuntun jáde tó jẹ́ pépà látòkè délẹ̀, kò sí ike nínú rẹ̀ mọ́.

Oníṣòwò nílé tó bá fẹ́ kí ọwọ́ ológun wà nínú ohun tí òun yóò tà tàbí òun yóò fi tọrẹ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní kò gbọ́dọ̀ dúró di oṣù Kejìlá. Oṣù Kẹsàn-án ni ó yẹ kí aṣọ àti owó ìbẹ̀rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ̀ka Nigerian Legion tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́dọ̀ wọn pé ta ló mọ iṣẹ́ wo, kí ó sì béèrè pẹ̀lú pé kí ni ara onítọ̀hún lè gbé.